Wọ́n Tọ́jú Mọ́ọ̀dù, Wọ́n Da Ẹ̀mí Nù

Ìyá Bíréèkì ti kú. Ilé ìwòsàn ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà tuntun. Wọ́n sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àìsàn tó ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́ ló pa á, pé kó gba kámú. Irọ́ ni. Àìsàn yẹn gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba agbára ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa á. Ohun tó pa á ni abọ́ oúnjẹ ọ̀sán kan tó rẹwà débi pé ẹni tó bá rí i á fẹ́ yà á ní fọ́tò. Èmi tí mò ń kọ èyí, mi ò ní agbára kankan ju gègé ìkọ̀wé lọ, gègé kì í sì í jí òkú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Bíréèkì ti dákẹ́ tán, kò lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bíréèkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni bíréèkì kẹta. Tó bá pariwo "Bíréèkì!" lójú títì, àwọn awakọ̀ tí kò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀ pàápàá á tẹ tiwọn. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ìdajì àwọn tó ń wakọ̀ ní àdúgbò wa lónìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́.

Èmi náà wà lára wọn. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fi ọkọ̀ gbá ike ìdalẹ̀nù ńlá kan tó dúró jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo rò pé á bú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ike náà dìde, ó nu ara rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé oníròyìn ni mí, pé àwa oníròyìn a máa wo ilé onílé ju iwájú wa lọ. Lẹ́yìn náà ló wọlé padà, ó ní kí n tẹ bíréèkì wò. Òfin rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní rántí: kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, tẹ bíréèkì wò. Ó ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní bíréèkì tó ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò sí òróró kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ojú kọ́ la fi ń mọ bíréèkì, ẹsẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́, a máa padà sí i.

Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onítáyà. Iwájú ilé wọn gan-an ló ti ń lẹ táyà, ibẹ̀ náà ló ti ń fún táyà ní atẹ́gùn. Ìyá Bíréèkì a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ ò lè tán lọ́wọ́ ọkọ òun láéláé, nítorí kò sí etí títì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kì í gùn. Òun ń ba táyà jẹ́ láàárọ̀, ọkọ òun ń tún un ṣe lọ́sàn-án. Ọkùnrin náà á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le koko, ó dúdú fún rọ́bà àti gírísì, ṣùgbọ́n tó bá ń wá ibi tí táyà ti ń jò, ṣe ló ń fi ọwọ́ yẹn ra táyà lára bí ẹni ń ra ọmọ ọwọ́ lára. Ẹ bá mi fi ojú sí ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé e bọ̀ ní oríta, Ìyá Bíréèkì pariwo bíréèkì, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fò lọ, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tẹ tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dá a lóhùn. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn, nítorí òun ò lè máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí ẹsẹ̀ òun ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ kékeré yẹn ti wà níwájú ilé, tí Bàbá Onítáyà ń fún àwọn táyà rẹ̀ ní atẹ́gùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ síbì kankan.

Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní àìsàn tí òyìnbó ń pè ní mọ́típù sìkìlìrósíìsì ni. Ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní àwọn okùn kan wà nínú ara tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ síbi tó rán an sí. Àwọn okùn náà ní ohun tó bò wọ́n lára, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Àìsàn yìí a máa bó rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ á ní kí ẹsẹ̀ gbéra, iṣẹ́ náà á sọnù lọ́nà. Kì í ràn, èèyàn kì í sì í fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá a gbé, tí wọ́n ń dàgbà, tí wọ́n ń gbé ọmọ ọmọ jó, bí àwọn tó yí wọn ká bá ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó yá, ó dé ọ̀fun. Ẹ̀yin tí ọ̀fun yín le, ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn gbé omi mì. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa ọ̀nà èémí dé tí oúnjẹ bá ń kọjá. Tí àṣẹ ọpọlọ ò bá tètè dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn náà, oúnjẹ á gba ọ̀nà èémí, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Omi lásán tí a ń mu yìí burú, nítorí ó ń yára ju ilẹ̀kùn lọ. Oúnjẹ tó ní kókó tàbí tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu náà burú. Ìyá Bíréèkì á mu omi, á pá a lórí, á húkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á wá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń sáré kiri, á ní bíréèkì ò mú. A ó rẹ́rìn-ín. Kí la tún lè ṣe?

Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n máa lọ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ kúnná. Bàbá Onítáyà wá bùlẹ́ńdà, ó ń da ẹja àti ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì sínú rẹ̀ pọ̀, ohun tó ń jáde níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ lálẹ́. Ọkùnrin náà á fi ṣíbí bù ú, á fẹ́ ẹ, á tọ́ ọ wò, á ní ó dùn, ìyàwó rẹ̀ á sì mọ̀ pé irọ́ ìfẹ́ ni. Obìnrin náà gbìyànjú o. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ kan, ó ti abọ́ náà sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Bàbá Onítáyà, ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò lè máa jẹ ohun tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ibẹ̀ ni Àǹtí Oúnjẹ ti bá ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ aláìsàn ni, ilé ìwòsàn náà ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ fún un pé obìnrin kan kọ oúnjẹ, kò bá a jà, kò sì dẹ́rù bà á. Ó lọ sí kíṣìnnì ilé ìwòsàn, ó se ẹja lọ́tọ̀, ó se kárọ́ọ̀tì lọ́tọ̀, ó se ọ̀dùnkún lọ́tọ̀. Ó lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúnná, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí kókó kankan má bàa ṣẹ́kù, ó wá po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kó ṣàn jù, tí kì í sì í jẹ́ kó fọ́. Lẹ́yìn náà ló dà á sínú mọ́ọ̀dù. Mọ́ọ̀dù yìí, abọ́ rọ́bà ni, wọ́n gbẹ́ inú ọ̀kan bí ẹja, ti ìpẹ́ ti ìrù, wọ́n gbẹ́ inú òmíràn bíi kárọ́ọ̀tì, òmíràn bí itan adìyẹ. Nígbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá dì, wọn á dojú rẹ̀ dé orí abọ́ ìjẹun. Ohun tí yóò bọ́ síbẹ̀ jọ ẹja, ó ń ta sánsán bí ẹja, ẹja náà sì ni, àmọ́ ahọ́n nìkan tó láti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Kò nílò eyín, ó sì ń rọra kọjá lọ́fun débi pé ilẹ̀kùn tó lọ́ra yẹn á ráyè tì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹja àkọ́kọ́ wá. Kí Àǹtí Oúnjẹ tó gbé e fún un, ó fi ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tẹ etí ẹja náà. Ó ní òun ò jẹ́ kí abọ́ kankan kúrò lọ́wọ́ òun láìṣe bẹ́ẹ̀: tó bá tẹ́ láìní kókó, kó máa lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, bí kò bá tẹ́, kó padà sínú asẹ́. Ìyá Bíréèkì wo fọ́ọ̀kì náà, ó wo ọmọbìnrin náà, inú rẹ̀ dùn.

"Ọmọ mi ni ọ́," ó wí. "Ìwọ náà ń tẹ bíréèkì wò."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe oúnjẹ rẹ̀ lórúkọ, bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ ilé ìwé. Ẹja. Kárọ́ọ̀tì. Ọ̀dùnkún. Ó ń pè wọ́n, ó ń jẹ wọ́n, omijé ń bọ́ sínú abọ́. Bàbá Onítáyà kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ń wo táyà ọkọ̀ kan tó wà nísàlẹ̀, pé atẹ́gùn rẹ̀ ò tó. Kò sí ọkọ̀ kankan nísàlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí nǹkan náà fi ṣiṣẹ́, ara Ìyá Bíréèkì padà bọ̀ sípò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, wọ́n á jẹun níbẹ̀, wọ́n á tún di òmíràn lọ sílé nínú kúlà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé ó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe là ń bèèrè.

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn rí i pé ohun tó dára ni, wọ́n sì gbà pé ohun tó bá dára gbọ́dọ̀ ní ayẹyẹ. Wọ́n gbé àga síta. Wọ́n to mọ́ọ̀dù sórí tábìlì, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ọ̀gá Àgbà gba makirofóònù, ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí, ó ní nínú ilé ìwòsàn tòun, aláìsàn kan ò tún ní jẹ ẹrẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n ya Ìyá Bíréèkì ní fọ́tò pẹ̀lú abọ́ ẹja rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ fọ́tò náà di ńlá, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ó ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ lọ wò ó. Òkú ló ń kí yín káàbọ̀ síbi tí wọ́n pa á sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyìn fà. Wọ́n yin Àǹtí Oúnjẹ títí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò yẹ ní kíṣìnnì, wọ́n gbé e lọ sí olú iléeṣẹ́ tó jìnnà réré, kó lọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa ronú bí ohun rere náà ṣe máa kárí gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n? Kí ohun kan lè kárí ibi gbogbo, wọ́n kọ́kọ́ mú un kúrò níbi kan ṣoṣo tó wà. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, bùlẹ́ńdà ńlá kíṣìnnì jó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun tán, ọ̀rọ̀ ìyẹn náà wà lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa bí tábìlì yẹn ṣe tóbi tó. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn tó ń ti ilé wá máa lọ ná, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyá Bíréèkì padà sórí ẹrẹ̀.

Mọ́ọ̀dù nìkan ló ṣẹ́kù. Mọ́ọ̀dù kì í jó bíi bùlẹ́ńdà, kì í tán bí ìyẹ̀fun. Ni wọ́n bá gbọ́ pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀, pé wọ́n ti rí fọ́tò ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fẹ́ rí oúnjẹ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá pe ìpàdé. Alásè kíṣìnnì wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi. Ó ní òun bi wọ́n bí òun ṣe máa ṣe oúnjẹ náà láìsí bùlẹ́ńdà. Wọ́n dá a lóhùn pé ṣebí mọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìdáhùn yẹn kà. Ìpàdé kún fún èèyàn tó kàwé, kò sí ẹni kan tó rántí pé ọ̀fun aláìsàn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe oúnjẹ náà. Wọ́n ti wo fọ́tò pẹ́ jù, wọ́n ti gbà pé ìrísí ni oògùn. Wọ́n tọ́jú ìrísí ẹja, wọ́n da rírọ̀ rẹ̀ nù. Bíréèkì wà níbẹ̀, ó ń dán, kò sí òróró lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá alásè náà ní kíṣìnnì. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, láàárín àwọn ìkòkò tó ga dé àyà rẹ̀, ooru gbígbóná ti mú gèlè rẹ̀ rin. Kò sá fún mi, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ó mú mọ́ọ̀dù ẹja wá, ó fi hàn mí bí òun ṣe ṣe é: ó bọ ẹja, ó fi fọ́ọ̀kì fọ́ ọ, ó fọ́ ọ̀dùnkún mọ́ ọn kó lè dì, ó kì í bọ inú mọ́ọ̀dù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yí i dà, ìpẹ́ rẹ̀ yọ kedere ju ti Àǹtí Oúnjẹ lọ.

"Wọ́n ní kí n ṣe é kó jọ fọ́tò," ó sọ fún mi. "Ó sì jọ ọ́. Ẹnì kankan ò sọ fún mi pé tìtorí ọ̀fun ni. Mo rò pé kó lè wu ojú ni."

Mo fẹ́ bínú sí i, inú mi ò gbà á. Obìnrin tí wọ́n ní kó se oúnjẹ fún odindi ilé ìwòsàn, tí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá gbé fọ́tò kọ́ síwájú rẹ̀ pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyí, kí ni kí n bú u sí? Ó bi mí bóyá ọkọ olóògbé náà máa gbà kí òun wá kí i.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ojú ẹ̀. Ìyá Bíréèkì ò lè jẹ ẹrẹ̀ náà mọ́, ó rù, àyà rẹ̀ ń yọ eegun, ibà mú un, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n gbé oúnjẹ dé. Bàbá Onítáyà ṣí ìdérí, ẹja ló bá níbẹ̀. Ẹja pẹ̀lú ìpẹ́ àti ìrù, kárọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí ìyàwó òun kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe orúkọ wọn, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ ò dún sókè, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ọ. Inú àwọn méjèèjì dùn. Wọ́n rò pé Àǹtí Oúnjẹ ti padà dé, wọ́n tiẹ̀ ní kí nọ́ọ̀sì bá wọn kí i.

Ọkọ rẹ̀ gbé e jókòó dáadáa, ó ní kó tẹ àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí. Ẹnikẹ́ni ò fi ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tẹ ẹja náà wò, nítorí ta ló máa ní kí onítáyà máa yẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn wò fún ilé ìwòsàn? Ìyá Bíréèkì tó kọ́ gbogbo wa pé ká má gba bíréèkì gbọ́ láìtẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, ó sì rí ohun tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó yanu. Ó gbé ti àkọ́kọ́ mì pẹ̀lú ìnira, ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kókó ọ̀dùnkún àti ẹran ara ẹja yà sí ọ̀nà èémí, ó há. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù náà. Ó sáré wá láti ìdí aláìsàn mìíràn, ó gbá a lẹ́yìn, ó fà á jáde, ó ṣe gbogbo ohun tí èèyàn kan lè ṣe. Èyí tó há jáde. Èyí tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ò jáde. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ ti ń dún bí ìgbà tí omi bá ń hó, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ.

Mo lọ bá Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò lé mi. Ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún mi, ó bá mi kẹ́dùn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí ní kíṣìnnì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá ní òun fúnra òun ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀ sí ìlànà.

"Oníròyìn, ẹ lọ wo oúnjẹ yẹn fúnra yín," ó wí. "Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti fọ́tò."

Ó rò pé òun ń wẹ ara òun mọ́ ni. Mo wò ó, mo wo omi tútù tó wà níwájú mi, mo gbé e mì láìronú, bí gbogbo wa ṣe ń gbé omi mì, ó sì dùn mí pé ó rọrùn fún mi tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn tipẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí tí kò mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ lòun ń ṣe.

Àwọn olùbẹ̀wò ńkọ́? Wọ́n wá. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n ní ó dára, wọ́n lọ. Ọwọ́ wọn ò kan fọ́ọ̀kì. Ìgbìmọ̀ olú iléeṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ṣì ń ronú. Mo pe Àǹtí Oúnjẹ lórí fóònù, mo sọ fún un, ó bi mí bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá. Mo gbọ́ tó ń sunkún. Àwọn aláìsàn mìíràn tí ọ̀fun wọn ò gbọ́ràn mọ́ ńkọ́, tí wọ́n wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn lónìí, tí wọ́n máa ṣí ìdérí abọ́ lọ́sàn-án tí inú wọn á dùn? Mo ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ fún àwọn ẹbí tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń wo fọ́tò ńlá yẹn, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rò pé bóyá orí mi ló dàrú. Mi ò lè dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan kí n máa fi fọ́ọ̀kì tẹ oúnjẹ.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onítáyà. Ọkọ̀ kékeré náà ṣì wà níwájú ilé, àmọ́ táyà rẹ̀ ti rọ̀, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Ọkùnrin tó dàgbà, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pé pérépéré, tó gbé e lé orí eékún rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rò pé ó fara pa ni. Mo bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ náà.

"Òun ló fi oúnjẹ yẹn sí ìyàwó mi lẹ́nu," ó wí. "Kò tún ní bá mi débi oúnjẹ mọ́."

Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, ti bùlẹ́ńdà, ti ìyẹ̀fun, ti ìpàdé, ti alásè. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ń mi orí sí mi, bí a ṣe ń mi orí sí ẹni tó ń kí wa kú àjò. Ta ni mí tí ọ̀rọ̀ mi fi máa wọ̀ ọ́ létí? Èmi kọ́ ni mo sọ fún un pé àìsàn ló pa á. Èmi kọ́ ni mo gbé abọ́ yẹn wá tí mo ní oúnjẹ rẹ̀ dé. Àwọn tó gbé e wá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn ló sì di ẹrù lé ọkùnrin yìí lórí. Ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Tirẹ̀ ò tún mọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà, mi ò ní kí ẹ jí i. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ẹ ra bùlẹ́ńdà àti ìyẹ̀fun, ẹ dá Àǹtí Oúnjẹ padà síbi tí ó ti wúlò, ẹ fi fọ́ọ̀kì sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé abọ́ lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Kó tó di ìgbà náà, ẹ kó àwọn mọ́ọ̀dù yẹn jù síbi tí ọwọ́ ò lè tó wọn, kí ẹ sì gbé fọ́tò òkú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ lè má ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi fi ipá mú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ dìde lórí àga yẹn, kí ẹ wá sí àdúgbò wa. Ilé náà ò ṣòro mọ̀, táyà ló kún iwájú rẹ̀. Ẹ jókòó sórí táyà bí gbogbo wa ṣe ń jókòó. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà mú, kí ẹ sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé ọwọ́ yìí kọ́ ló pa á, pé ọwọ́ tiyín ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́ kó gbà á gbọ́. A ti ń dúró dè yín láti ìgbà tí a ti sin ín, ọwọ́ òsì ni bàbá àgbàlagbà yìí sì fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán òní.